Mo Sọ fún Ìkejì Mi Pé Obìnrin Yẹn Kì Í Ṣe Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọjọ́ orí méjì, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún egungun, ẹ jókòó kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má wojú ara yín. Ẹ mọ ara yín dáadáa.

Èmi náà wà lára yín. Medinat lorúkọ mi, Thamesmead West ni mò ń gbé ní London, kò jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan. Páálí ìrìnnà mi sọ pé ọdún 1963 ni wọ́n bí mi. Ṣíọ̀! Ní 1963, mo ti ń fi pàṣán lé àbúrò mi lọ sílé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún 1954 ni ìyá mi bí mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò gùn. Iṣẹ́ kan jáde l'Ékòó, wọn ò gba ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo gba kóòtù lọ, mo búra, mo sọ ọdún mẹ́sàn-án nù bí ẹni tutọ́. Akọ̀wé kóòtù ò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí. Ọdún mẹ́rin péré ni mo ṣe níbi iṣẹ́ ọ̀hún tí mo fi kúrò, ṣùgbọ́n irọ́ náà ò kúrò lára mi. Ó bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó bá mi dé London.

Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa olùtọ́jú arúgbó níṣẹ́ ní Woolwich ni mo ti pàdé Bernice. Òyìnbó tó ń kọ́ wa ní ká tò gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n bí kálukú, pé ká lè tètè mọ ara wa. Ẹ gbọ́ eré tí wọ́n ń fi àgbàlagbà ṣe! Ẹsẹ̀ mi ti ń gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà kí n tó rántí irọ́ mi. Mo yí padà kíá. Obìnrin pupa kan ló wà níbi tí mo lọ dúró sí.

"1963?" ó bi mí.

"Òun náà ni."

Ó fò mọ́ mi lọ́rùn. "Ìkejì mi rèé o! Mi ò ní ẹ̀gbọ́n, mi ò ní àbúrò, Ọlọ́run ti fún mi ní ìkejì."

Yorùbá Ìjẹ̀bú ló fi sọ ọ́, ẹnu mi sì yà. Ó wá ṣàlàyé. Bàbá rẹ̀ wá kàwé òfin ní London láyé ọjọ́un, òun àti nọ́ọ̀sì kan láti Ireland sì fẹ́ràn ara wọn. Wọn ò ṣègbéyàwó. Nígbà tí Bernice pé ọmọ ọdún méjì, bàbá gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó fà á lé ìyàwó tó ní nílé lọ́wọ́. Ìyá dúró sí London. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ mọ́, àfi lọ́jọ́ tí bàbá fẹ́ kú.

"Veronica Keane lorúkọ ìyá rẹ," ló sọ fún un. "Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ ẹni mímọ́ Brigid ni wọ́n ń pè é nílùú wọn. Mo máa ń ra ìborùn sílíìkì fún un lọ́jọ́ náà."

Orúkọ kan, ọjọ́ kan, ìborùn kan. Ìyẹn ni gbogbo ogún tí Bernice jẹ nípa ìyá rẹ̀. Wíwá obìnrin yẹn rí kó tó kú ni gbogbo àdúrà rẹ̀ láyé.

Èmi ní tèmi, mo ń jayé ìkejì. Ó ń pè mí ní Medi lásán. Ó ń gbá mi lẹ́yìn tó bá ń ṣàwàdà, ó ń mú ẹran nínú abọ́ mi. Ẹni tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ! Ó sì dùn mọ́ mi, kí n má tún parọ́ lé irọ́. Mo ń kun ètè, mo ń wọ ṣòkòtò jíǹsì bí ọmọge. Nígbà tí a "pé àádọ́ta" lọ́dún 2013, ó se kéèkì kan ṣoṣo fún àwa méjèèjì. Mo gé e, mò ń rẹ́rìn-ín, orúnkún ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta sì ń ta mí lábẹ́ tábìlì. Òmùgọ̀ àgbà!

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wàhálà dé.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní pálọ̀ Bernice ní South Thamesmead. Lékan ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́dà ni Lékan, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀daràn, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ti ẹnu ara ẹni. Bernice tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì.

"Medi, wò ó. Ìwé ìjọba Ireland sọ pé ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta, 1940, ni wọ́n bí Veronica Keane. Fádà abúlé wọn sì kọ̀wé pé ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, ọdún kan náà, ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Veronica Keane. Michael ni bàbá nínú méjèèjì, Mary ni ìyá. Báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ tí wọn ò tíì bí?"

"Fádà sọ pé ó wà láàyè?" mo béèrè.

"Ó ní Veronica Keane kan ti London padà wálé, ara rẹ̀ ò yá, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà. Àmọ́ Fádà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìjọ yẹn ni, kò mọ ìtàn wọn. Ó ní tó bá dá mi lójú pé ìyá mi ni, kí n sọ, òun á gbé lẹ́tà mi fún un."

Lékan bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Bàbá yẹn purọ́ ni! Mo kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí bàbá bá pẹ́ jù kó tó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀, ìjọba á bu owó ìtanràn lé e. Wọ́n á kàn sún ọjọ́ ìbí ọmọ síwájú, ó parí. Ṣọ́ọ̀ṣì ò gba ìtanràn, kò sídìí tí wọ́n á fi purọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni kéèyàn gbà gbọ́."

Ẹ gbọ́ mi o, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ ló tọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lẹ́nu Lékan nìyẹn, ọjọ́ náà gan-an ni mo sì yàn láti pè é ní òpònú.

Nítorí kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún arúgbó lówó lọ́hùn-ún láyé àtijọ́, ẹni ọgọ́ta ọdún á sùn, á jí, á di ẹni àádọ́rin! Àwọn ń fi kún un, àwa ń yọ ọ́ kúrò. Ìyá Faiz, àbí kò rí bẹ́ẹ̀ nílé wa?"

Faiz ni ọmọ mi. Lékan sì ń wo ọwọ́ mi bó ṣe ń pè mí. Ọwọ́ ò mọ irọ́ pa, ọwọ́ ẹni tó ń lọ sí ọgọ́ta kì í jọ ọwọ́ ẹni àádọ́ta. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan.

Kí ni ǹ bá sọ? Tí mo bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń ṣe é," Lékan á ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ibẹ̀ ni wọ́n á ti tú mi wò. Iṣẹ́ mi ńkọ́? Ìkejì mi ńkọ́? Kéèkì tí mo gé ńkọ́? Ìyá ẹlòmíràn wà lórí tábìlì níwájú mi, ojú tara mi ni mò ń rò.

Mo ká ẹsẹ̀ jọ bí ààfáà tó fẹ́ ṣe wáàsí.

"Lékan, ta ló ń purọ́ ọjọ́ ìbí ọmọ nílé tiyín? Bàbá wo ló máa gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, kó wá máa purọ́ lé e lórí? Ọlọ́run ò ní jẹ́! Èèyàn méjì ni wọ́n."

"Pẹ̀lú orúkọ bàbá kan náà, orúkọ ìyá kan náà?"

"Michael àti Mary? Ní Ireland? Ìyẹn ò yàtọ̀ sí kéèyàn máa wá Táíwò ní Igbó-Ọrà! Ìbátan méjì lè wà lábúlé kan, kí ọmọ wọn jọ máa jẹ́ Veronica." Mo yíjú sí Bernice. "Gbọ́ mi dáadáa. Ìyá arúgbó kan ń ṣàìsàn nínú ilé àbúrò rẹ̀. O fẹ́ kí Fádà lọ bá a pé ó bí ọmọ dúdú kan ní London láìlọ́kọ? Tí kì í bá wá ṣe òun ńkọ́? O ti bà á lórúkọ jẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ní ilẹ̀ wọn lo fẹ́ wá jogún."

"Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bàbá mi sọ fún mi, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣáájú ìrìbọmi yìí."

"Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run forí jì í, ọkùnrin ni. Ọkùnrin wo ló ń rántí ọjọ́ ìbí? Bi Lékan."

Lékan fọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín, torí ó ti gbàgbé ti Bernice lọ́dún yẹn. Ẹ̀rín yẹn ló sin òtítọ́. Bernice wò mí, omi wà lójú rẹ̀.

"Ìkejì mi, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Kò sí ohun tó dá mi lójú àfi pé ìyá rẹ̀ ni. Ẹni tó ti búra èké rí kò ní pẹ́ mọ òórùn èké ẹlòmíràn.

Ó jókòó sídìí tábìlì yẹn lójú mi, ó kọ̀wé sí Fádà: ẹni tí òun ń wá kọ́, kí ó má wulẹ̀ da ìyá náà láàmú. Mo bá a lọ sí pósọ́ọ̀fíìsì ní Abbey Wood. Mo tún bá a ra sítáǹbù. Ẹ ò rí ayé mi bí?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, àwọn àgbà ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Kàfí, àbúrò mi, ni òtítọ́ gùn wá, lọ́dún 2018. Ó pé ọgọ́ta ọdún l'Ékòó, ó fẹ̀yìn tì, ó ní òun ń bọ̀ wá sinmi lọ́dọ̀ mi. Mo pè é kó tó wọkọ̀.

"Kàfí, tó o bá dé ibí, ìwọ lẹ̀gbọ́n o."

"Ẹ̀gbọ́n ta?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ara yín yá?"

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. "Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ oyè yẹn fún oṣù kan."

Ó sì jẹ ẹ́ lájẹyó! Ó dé tán, ó ń pariwo "Medinat!" káàkiri ilé. "Medinat, gbé rìmóòtù wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ." Orí ẹja ni mò ń jẹ, òun ń jẹ ikùn. Ọmọ tí mo fọ ìdí fún! Mo gbé e mì, torí Bernice ń bọ̀ wá kí i.

Bernice dé pẹ̀lú páálí ṣokoléètì. Ó kúnlẹ̀ níwájú Kàfí. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ̀gbọ́n ìkejì mi, ẹ̀gbọ́n èmi náà ni." Kàfí wú bí búrẹ́dì, ó ń gbàdúrà lé e lórí bí ìyá ọba.

A wá gbàgbé ara wa. Ẹ̀rín ń lọ, ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ń lọ, dòdò wà lórí iná. Òórùn tó ń jó dé imú mi, ẹnu mi sì là láìbi mí léèrè.

"Kàfí! Dìde jàre, lọ wo iná! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé imú rẹ dí ni?"

Kàfí fò sókè. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi!" Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó ń fa ìró rẹ̀ nílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọmọ tí òyìnbó wò dàgbà ní Kent ni Bernice, ì bá má fura. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ló ti dàgbà. Ó mọ̀ pé kò sí àbúrò tó máa jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n sì máa sáré bẹ̀bẹ̀.

"Medi," ó ní, "ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Eré la máa ń ṣe."

Kàfí jáde, ó mú ṣíbí dòdò dání. Bernice yíjú sí i. "Auntie, ọdún mélòó lẹ pé?"

"Ọgọ́ta. Oṣù tó kọjá."

"Ìkejì mi yìí ńkọ́?"

Kàfí wò mí. Mo ranjú mọ́ ọn. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ẹ má ranjú mọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti sú mi. Àbúrò mi, ẹ̀yìn obìnrin yìí ni mo gùn dàgbà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó bí mi. Ìkejì kọ́, ẹ̀gbọ́n àgbà ni!"

Mo retí kí Bernice pariwo. Ariwo ì bá sàn. Ó kàn ń wò mí bí ìgbà tó ń wo ìwé méjì yẹn lọ́jọ́sí, tó ń wá èyí tó jẹ́ òótọ́.

"Kí ló dé tí o fi yọ ọdún kúrò?"

"Iṣẹ́ ni."

"O lọ búra?"

"Mo búra."

"Nígbà náà, o mọ̀. Ọjọ́ tí Lékan ní bàbá yẹn purọ́ nítorí ìtanràn, o mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. O mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ."

"Bernice, ẹ̀rù ló..."

"Bàbá mi tó ń kú lọ ò rí èrè kankan nínú irọ́. Fádà ò rí èrè kankan. Ìwọ nìkan lo ní ìdí láti purọ́, ìwọ ni mo wá gbà gbọ́." Ó mú kóòtù rẹ̀. Dòdò ti di èédú.

Lọ́jọ́ kejì ló pe abúlé náà. Fádà mìíràn ló gbé fóònù. Veronica Keane ti kú. Oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú ni wọ́n sin ín.

Lékan ló sọ ìyókù fún mi nígbà tí wọ́n ti Ireland dé, a pàdé ní ibùdókọ̀ ní Plumstead. Mo ti sọ fún yín, kò lè ti ẹnu rẹ̀. Ó ní àbúrò ìyá náà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Gbogbo ilé wọn ló mọ̀ nípa ọjọ́ ìbí méjì náà, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Michael Keane jókòó ti iṣẹ́ oko, kò lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ títí àsìkò fi kọjá, ó wá lọ sọ fún akọ̀wé pé oṣù kẹta ni wọ́n bí i. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni wọ́n máa ń bá a yọ̀. Lọ́jọ́ náà, lọ́dọọdún, ó máa ń wé ìborùn sílíìkì kan tó ti gbó.

Nítorí ṣílè díẹ̀! Bàbá ahun ni Michael yẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè bú u dénú. Ẹgbẹ́ ni wá.

"Ó ku ọ̀kan," Lékan ní. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí kò rẹ́rìn-ín. "Fádà àkọ́kọ́ yẹn ò ní sùúrù. Ó ti sọ fún ìyá náà pé ọmọ kan ní London ń wá a, kí lẹ́tà wa kejì tó dé. Ìyá ti ní kí wọ́n tún yàrá ṣe. Nígbà tí lẹ́tà dé pé òun kọ́ la ń wá, ó ní, 'Ó ti rí mi, kò fẹ́ mi ni. Ó jàre.' Kò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú."

Ọkọ̀ mi dé, mi ò wọ̀ ọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Èmi sì ni olè náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ ọdún, ẹ wá gbọ́ èrè iṣẹ́ wa. Àwọn ará Ireland ayé àtijọ́ fi ọdún kún ọjọ́ orí wọn, wọ́n gba owó. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo yọ ọ́ kúrò, ìjọba ìlú yìí sì gbà mí gbọ́! Páálí mi ní mo ṣì kéré sí owó ìfẹ̀yìntì. Kí n tó gbà á, màá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ní báyìí, mò ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó tí mo jù lọ́jọ́ orí, wọ́n ń pè mí ní "my girl." Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ẹ má ṣàánú mi.

Bernice ò bá mi jà. Ì bá wù mí kó bá mi jà.

Sátidé kan, mo rí i ní ọjà Beresford Square ní Woolwich, nídìí àtẹ oníṣu. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Mi ò mọ ìgbà tí mo ké, "Ìkejì mi!"

Ó yíjú. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí òkúta tútù, orúnkún méjèèjì, níwájú gbogbo ọjà.

"Ẹ káàsán mà, Auntie Medinat. Ṣé ara yín le?"

"Dìde, Bernice, mo bẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Rárá mà. Ẹ jù mí lọ púpọ̀."

Obìnrin oníṣu pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Ní London yìí náà? Mummy, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọmọ yín ni?"

Bernice ló dá a lóhùn.

"Rárá o," ó ní. "Ìyá mi ti kú."

Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó sanwó iṣu rẹ̀, ó lọ.